Ìbéèrè Keje

Bí ẹ bá dé Mowe tí ẹ ń béèrè Nùsírátù ọmọ káfíńtà, àwọn èèyàn lè máa wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Níbo-Lẹ-Ti-Rí-I lẹ ń wá, ọlọ́kadà tó bá wà nítòsí á ní kí ẹ gorí ọ̀kadà òun ká lọ. Ọdún mẹ́fà ni obìnrin yìí fi jókòó sí ọ́fíìsì ilẹ̀ kan lẹ́bàá títì márosẹ̀, tó ń bi àwọn tó wá ra ilẹ̀ pé níbo ni wọ́n ti rí owó wọn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Yorùbá wo ni wọ́n máa bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tí kò ní bínú? Bí ẹ bá bi bàbá yín, ìgbájú lẹ máa jẹ. Bí ẹ bá bi ọkọ yín, ilé á dàrú. Àlejò pátápátá ni Nùsírátù ń bi, wọ́n sì ń dá a lóhùn.

Òun kọ́ ló ṣòfin náà. Ìjọba ló sọ pé àwọn olè àti àwọn gbájúẹ̀ ti rí ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fọ owó ẹ̀gbin mọ́. Wọ́n á kó owó tí wọ́n jí, wọ́n á fi ra ilẹ̀. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ náà lọ́dún kejì, owó ọ̀hún ti di owó ilẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó bá ń ta ilẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa wádìí oníbàárà, tí yóò máa kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, tí yóò sì ta ìjọba lólobó bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ń rùn. Alhaji Àbúbákr, ọ̀gá ọ́fíìsì náà, wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yíká. Àwọn ọkùnrin tó ń mú oníbàárà lọ wo ilẹ̀ kò lè jókòó sójú kan. Ó ní kí Nùsírátù akọ̀wé lọ. Ó lo ọjọ́ méjì ní Abẹ́òkúta níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, ó jẹ ìrẹsì wọn, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì gbé fọ́ọ̀mù kan bọ̀.

Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ, àdírẹ́sì, iṣẹ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀, ìyẹn ò le. Ìkeje ni eegun ẹja tó ń há èèyàn lọ́fun. Owó yìí, níbo lo ti rí i?

Oṣù àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá kan tó ń ta aṣọ wá láti Akute, ó fẹ́ ra pùlọ́ọ̀tì méjì. Nùsírátù jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀ bí adájọ́, ó bi í ní ìbéèrè keje bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Ìyá náà dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní ọkọ òun tó ti kú pàápàá kò bi òun bẹ́ẹ̀ rí, kó tó wá kan ọmọdé tó wọ gíláàsì. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sọdá títì, ó lọ ra ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí kì í bi èèyàn ní nǹkan kan. Alhaji sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Inú wáàsí ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Nùsírátù ti rí ọ̀nà gbé e gbà. Lèmọ́mù ń sọ pé lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹsẹ̀ èèyàn kò ní kúrò lójú kan títí wọ́n á fi bi í léèrè owó rẹ̀, ibi tó ti rí i àti ohun tó ná an lé. Nùsírátù tó wà lẹ́yìn níbi táwọn obìnrin jókòó sí gbá itan ara rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kò jókòó béèrè ìbéèrè keje mọ́. Bó bá ti bi oníbàárà ní ìkẹfà tán, á dìde, á jáde lẹ́yìn tábìlì, á fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ẹni náà, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà jẹ́ ọmọdé, á ní:

"Ẹ má bínú sí mi. Kò sẹ́ni tí wọn ò ní bi lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín níhìn-ín. Owó yìí, níbo lẹ ti rí i?"

Ta ló máa bínú sí ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀? Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á wolẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìyá kan sọ fún un pé ọdún mọ́kànlá lòun fi wẹ àwọn arúgbó lókè òkun kí òun tó rí owó pùlọ́ọ̀tì kan. Ọkùnrin kan ní owó tí iléeṣẹ́ san lórí òkú ìyàwó òun ni, ó sì sunkún débi pé Nùsírátù lọ tilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ ìtàn mẹ́ta tí kò bá ara wọn mu, ó ní òun fẹ́ jáde lọ gba fóònù, kò padà wá mọ́. Fìlà rẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì náà dòní. Nùsírátù kọ̀wé sí ìjọba nípa rẹ̀, ìjọba fi lẹ́tà ìyìn ránṣẹ́ sí Alhaji, Alhaji sì gbé e kọ́ sójú ògiri níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé á ti rí i. Ó wá ń fi akọ̀wé rẹ̀ yangàn kiri, ó ní kò sẹ́ni tí ọmọ òun ò lè bi.

Ẹnì kan ṣoṣo wà tí kò lè bi. Ìyẹn ló bà á jẹ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Nùsírátù. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ń kan òrùlé, kó o wá sí Ifo nítorí pé ìyá rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ kò sì sí nílé. Yàrá kan ni wọ́n gbà nílé Bàbá Mùsáfírù, Mùsáfírù lorúkọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ bíbí Ifo, tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ojú irin. Bàbá Mùsáfírù yìí kan náà ni ládàánì mọ́sálááṣí àdúgbò. Òun ló ń pe ìrun lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó wà ládùúgbò ń fi ohùn rẹ̀ mọ àsìkò tí wọ́n á gbé omi kaná.

Nùsírátù pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí bàbá rẹ̀ já bọ́ láti orí òrùlé kan ní Ibafo. Bàbá Mùsáfírù ló wẹ òkú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn ará Ìsẹ́yìn ń jiyàn lórí ẹni tó máa mú ọmọ náà lọ, bàbá yìí wọ yàrá tí wọ́n ń gbé, ó gbé àpótí aṣọ ọmọ náà, ó gbé e sínú yàrá àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó ní òun ò ní fi yàrá tí bàbá ọmọ náà gbé yẹn gba owó ilé mọ́. Búlọ́ọ̀kù ló fi rán an lọ sí ilé ìwé títí ó fi parí ní pólì. Sìmẹ́ǹtì a máa la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, Nùsírátù á gbé òrí jáde, á máa fi pa á lọ́wọ́. Kò sọ fún un rí pé òun ń ná owó lé e. Nígbà tó lọ́kọ, òun ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ fẹ́ ẹlòmíràn, tó sì pa Nùsírátù àti Salmah ọmọ wọn tì, bàbá yìí ló lọ kó ẹrù rẹ̀ bọ̀.

Ọmọbìnrin márùn-ún ni Bàbá Mùsáfírù bí kó tó bí Láwàlì. Ẹ̀yìn Nùsírátù ni wọ́n pọn Láwàlì sí. Ọmọ náà dàgbà, ó lọ ilé ìwé, kò parí rẹ̀, ó lọ sí Èkó. Ní ọjọ́ kan ó fi sílípáàsì wọ Ifo, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó gbé jíìpù wọ̀ ọ́. Ó ní iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun ń ṣe. Àwọn ará àdúgbò ń kí bàbá rẹ̀ kú oríire. Bàbá ń dáhùn pé Ọlọ́run á ṣe é fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n kì í wọ jíìpù náà, ó ní atẹ́gùn inú rẹ̀ ń dun òun lórúnkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà ọyẹ́, Bàbá Mùsáfírù wọlé sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Mowe. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọkọ̀ méjì ló sì wọ̀ láti Ifo. Àpò dúdú kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Nùsírátù sáré kúnlẹ̀ kí i, ó bu omi fún un, ó gbé ṣíà tí kò mì fún un. Bàbá ní òun wá ra ilẹ̀ kan lọ́nà Ọbáfẹ́mi, tí òun yóò fi ṣe ibi tí wọ́n á ti máa ṣe búlọ́ọ̀kù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Nùsírátù nínú. Láti ọdún méjì tí ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀bá ojú irin ti ta ilẹ̀ rẹ̀, iwájú ilé ni bàbá ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ ló wà nínú àpò náà.

Nùsírátù fa fọ́ọ̀mù yọ. Kò sí èyí tó nílò láti béèrè nínú ìbéèrè mẹ́fà àkọ́kọ́, ó mọ ìdáhùn wọn bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ń kọ, ó ń bá bàbá ṣàwàdà. Nígbà tó dé ìkeje, bírò dúró.

Ó gbójú sókè wo bàbá. Àwọn ọwọ́ yẹn wà lórí àpò náà. Wọ́n ti kọ́ wọn ní Abẹ́òkúta pé ẹ má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, bó jẹ́ ìyá yín ló wá ra ilẹ̀, ẹ bi í. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ Bàbá Mùsáfírù. Ẹnu wo ni ọmọ tí wọ́n fi owó búlọ́ọ̀kù tọ́ máa fi bi ẹni tó tọ́ ọ pé níbo lẹ ti rí owó? Ṣé ó fẹ́ sọ pé bàbá jalè ni? Kí ni àwọn èèyàn Ifo máa sọ bí wọ́n bá gbọ́? Ojú tì í pé ìbéèrè náà tiẹ̀ wá sí òun lọ́kàn. Ó fi gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, pé owó tí bàbá kó jọ nínú iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù fún ọgbọ̀n ọdún ni. Kò gbà á tó ìṣẹ́jú kan.

Bàbá ń wo bírò náà. Kéwú ló mọ̀ ọ́n kà, kò mọ gẹ̀ẹ́sì.

"Ṣé o ti bi mí ní gbogbo ẹ̀?" ni ó wí.

"Ó ti tán, Bàbá."

"Kò ku nǹkan kan tó o fẹ́ bi mí?"

"Kò ku nǹkan kan, Bàbá. Ẹ kàn buwọ́ lù ú níbí."

Ó fi kéwú kọ orúkọ rẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò dìde. Ó yọ tẹ̀súbáà rẹ̀, ó kà á díẹ̀. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn wo Nùsírátù. Nùsírátù rò pé wàhálà ọkọ̀ méjì ló ń kó o láyà sókè, ó sáré fún un lówó táá fi wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo délé. Bàbá gba owó náà, ó súre fún un, ó lọ.

Oṣù méje lẹ́yìn ìyẹn, nígbà òjò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì wọlé. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn, ọmọbìnrin tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, Jésùtófúnmi lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé wẹ́rẹ́ pé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ìyá Ọmọlabí, tó ń gbé ní Ibogun, ni àwọn gbájúẹ̀ pè lórí fóònù, tí wọ́n ní báńkì ni àwọn, tí wọ́n sì kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọwọ́ ti tẹ ọ̀kan nínú wọn, ó sì ti jẹ́wọ́. Láwàlì ni olórí wọn, Láwàlì sì ti sá lọ. Nínú owó tíṣà yẹn ni wọ́n ti mú èyí tí wọ́n fi ra ilẹ̀ kan lórúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n ti mú bàbá náà lánàá, lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálááṣí, bó ṣe ń jáde níbi ìrun ọ̀sán.

"Ká ní bàbá yìí sọ pé ọmọ òun ló fún òun ni," ni Jésùtófúnmi wí, "a máa bi wọ́n ní question méjì, wọ́n á sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní owó àwọn ni. Ẹni tó bá bá olè fi owó pamọ́, òfin ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí olè. Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ fọ́ọ̀mù yìí?"

Nùsírátù ní òun ni.

"Ohun tí wọ́n sọ lẹ kọ?"

Kó tó lanu, Alhaji ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé kò sí ẹni tí akọ̀wé òun kì í bi, ó sì nawọ́ sí lẹ́tà tó wà lára ògiri. Jésùtófúnmi mi orí. Ó ní bàbá náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ka ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà sí i létí, ó wá ní òun fúnra òun lòun sọ ọ́, akọ̀wé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Nùsírátù gbọ́ ọ, ó sì yé e lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń pe èèyàn sí ìrun láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, tí kò parọ́ fún oníbàárà lórí búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo rí, parọ́ fún ìjọba kí ìyà má bàa jẹ òun Nùsírátù. Irọ́ tí òun kọ ni bàbá sọ di tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀, nítorí mi ò wá síbí láti wá yìn ín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Nùsírátù fi dákẹ́. Alhaji ti pè é sínú yàrá. Ó ní bó bá sọ pé òun ò béèrè, wọ́n á ti ọ́fíìsì pa, àwọn méjìlá á pàdánù iṣẹ́, Nùsírátù fúnra rẹ̀ á sì lọ sẹ́wọ̀n. Ta ló máa san owó ilé ìwé Salmah ní Ibogun? Ó ní bàbá ti dàgbà, wọn ò ní fìyà jẹ àgbàlagbà, wọ́n á tú u sílẹ̀ tó bá yá. Nùsírátù ń gbọ́, ó ń mi orí. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń kúnlẹ̀ fún àlejò, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè keje. Ó wọkọ̀ lọ sí Ifo lẹ́ẹ̀kan, ó dé orígun ilé, ó padà. Ẹ̀rù ń bà á, òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, Ròkíátù, àkọ́bí bàbá, wá sílé rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan. Abọ́ oúnjẹ ló wá yá, èyí tó ní ọmọrí tó dè dáadáa, tó fẹ́ fi máa gbé oúnjẹ lọ fún bàbá ní Abẹ́òkúta. Bó ṣe ń yẹ àwọn abọ́ náà wò ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá ti rù, wọn kì í jẹ́ kí ó sùn dáadáa. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá lọ, ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ máa ń bi òun: iṣẹ́ Nùsírá ńkọ́, ṣé wọn ò dà á láàmú ṣá?

Nùsírátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn abọ́ náà, ó sunkún bí ìgbà tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ wálé láti Ibafo. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ròkíátù. Ròkíátù kò na án, kò sì bú u. Ó ní kí ó múra, àwọn jọ ń lọ láàárọ̀ ni.

Ojú ìwé mẹ́ta ni Nùsírátù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ níwájú Jésùtófúnmi ní Abẹ́òkúta. Ó kọ ọ́ pé òun ò bi bàbá, bàbá ò sọ nǹkan kan, òun fúnra òun lòun dá ìdáhùn náà kọ. Ọmọbìnrin náà kà á tán, ó gbé e sílẹ̀.

"Mà, ẹ̀yin lẹ bi èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Kí ló dé tí ẹ ò bi bàbá yìí?"

Nùsírátù wá gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, kò rí i. Ó ní, "Bàbá mi ni."

Yorùbá ni Jésùtófúnmi náà, ó ní bàbá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tú Bàbá Mùsáfírù sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìjọba gba ilẹ̀ náà, wọ́n ní àwọn á tà á, Ìyá Ọmọlabí á sì gba èyí tó bá pa wọlé. Wọ́n bu owó ìtanràn lé ọ́fíìsì lórí. Alhaji lé Nùsírátù lọ́jọ́ náà gan-an, ó já lẹ́tà ìyìn lára ògiri, ó sì sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ejò ni òun gbé sínú ilé. Títí di ìsinsìnyí, oṣooṣù ni Nùsírátù ń lọ fara hàn ní Abẹ́òkúta, kò tíì mọ ibi tí ẹjọ́ tirẹ̀ máa já sí. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ibafo ló ti ń bá wọn tẹ̀wé. Nígbà míì, bó bá ń kọjá ní Mowe, àwọn tó ń pè é ní Ìyá Níbo-Lẹ-Ti-Rí-I tẹ́lẹ̀ ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó ń bá a rìn ti yàtọ̀.

Ti mọ́sálááṣí ló dunni jù. Kò sẹ́ni tó ní kí bàbá má pe ìrun mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Láàárín ọjọ́ tí kò sí nílé, ẹlòmíràn ti gba makirofóònù, nígbà tó dé kò sẹ́ni tó gbé e fún un, òun náà kò sì béèrè. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bàbá dákẹ́. Iwájú ilé ló tún jókòó sí, níbi tó wà kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó dé.

Oṣù méjì kọjá kí Nùsírátù tó lè lọ wò ó. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, oòrùn ti ń rọ̀. Ó gbé òrí dání. Ó bá bàbá lórí àga onígi rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa á. Àtẹ́lẹwọ́ náà ti rọ̀, kò sí sìmẹ́ǹtì tó ń là á mọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹkún bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Ojú yín ni mo wò."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. "Èmi náà, ojú Láwàlì ni mo wò."

Ọkọ̀ kan kọjá, ó jẹ́ kí ó lọ tán.

"Ọ́fíìsì ilẹ̀ mélòó ló wà ní Ifo níbí, Nùsírá? Wọ́n pọ̀ ju ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì lọ. Kí ló dé tí mo fi wọ ọkọ̀ méjì wá bá ọ ní Mowe? Mo gbọ́ pé o máa ń bi gbogbo èèyàn. Mo ní ọmọ mi yìí á bi mí. Tó bá sì ti bi mí, mi ò lè parọ́ fún un. Màá ní ọmọ mi ló gbé e wá, mi ò mọ ibi tó ti rí i. Á ní kí n gbé e padà lọ fún un. Ìdáhùn yẹn wà lẹ́nu mi láti Ifo títí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo dúró, mo dúró. O ní ó ti tán."

Nùsírátù kò lè gbórí sókè. Ó rántí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, bàbá tó dúró tó bojú wẹ̀yìn, àti owó ọkọ̀ tí òun ki bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ó gbé ike òrí sílẹ̀. Ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ dáadáa níwájú bàbá, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn àlejò.

"Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Kò sẹ́ni tí wọn ò ní bi lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín níhìn-ín. Owó yẹn, níbo lẹ ti rí i?"

Bàbá Mùsáfírù wò ó.

"Láwàlì ló gbé e wá," ni ó wí. "Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Ó fi àpò náà sórí ẹní tí mo fi ń kírun. Mo fẹ́ bi í. Mo rántí pé òun nìkan lọkùnrin tí mo ní. Mi ò bi í."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí Láwàlì ti fi sílípáàsì wọlé, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Nùsírátù kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí ohùn ẹlòmíràn pe ìrun Mọ̀gáríbì, bàbá dánu dúró, ó fetí sí i títí ó fi parí. Ó wá ní kí Nùsírátù lọ bu omi àlùwàlá wá fún òun, pé ilé ni òun ti máa kírun.